Orúkọ Abẹ́ Àga

Wọ́n ní obìnrin ló ń jowú. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì bá mi pàdé. Èmi Yẹ̀kínnì, tí mo ti ń ṣe àga onítìmùtìmù ní Ìdí-Òro ní Mushin láti ọdún méjìlélógún, mo jowú ní oṣù Disẹ́ńbà tó kọjá débi pé oúnjẹ kò dùn lẹ́nu mi mọ́. Ẹnikẹ́ni kò gba ìyàwó mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nígbà tó yá, mo rò ó débẹ̀ náà. Ìpolówó ọjà ló fà á. Ìpolówó kan péré, tí kò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá lọ, tí wọ́n ń fi hàn nílé sinimá kan ní Surulere kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó ni ìpolówó náà ń jẹ́ Taoheed. Àwa méjèèjì jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Ọlápàdé ni, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Mo fi ọdún méjì ṣáájú Taoheed níbẹ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ bí a ṣe ń fa aṣọ ní igun àga kí ó má baà hunjọ. Èmi ni mo bá a bẹ ọ̀gá lọ́jọ́ tó fi sísọ́ọ̀sì gé léda oníléda sí méjì. Iṣẹ́ mi dára ju tirẹ̀ lọ, kì í ṣe ìgbéraga. Ọ̀gá wa sọ bẹ́ẹ̀ níṣojú gbogbo wa lọ́jọ́ tí Taoheed gba fírídọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n Taoheed ní ẹnu dídùn, ó ní eyín funfun, ó sì ti ní ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì báyìí lójú ọ̀nà Ìtìrẹ́, tí iná máa ń tàn nínú rẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Èmi ṣì wà lábẹ́ páànù tí mo wà látijọ́. Tí òjò bá ṣú, gbogbo wa la máa ń sáré gbé fóòmù.

Àlhájà Kùdírátù ló kọ́kọ́ sọ fún mi. Oníbàárà mi ni, ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń bá a ṣe gbogbo àga pálọ̀ rẹ̀. Ó yà sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sẹ̀ kejì oṣù náà, ó ní òun àti àwọn ọmọ òun lọ wo fíìmù ọdún, òun sì rí Taoheed lójú sinimá, ó tóbi bí ilé alájà méjì. Ó ní àga tó jókòó lé kọjá bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wo àga tó wà níwájú mi, ó wò mí, ó béèrè wẹ́rẹ́ pé ṣé èmi ò lè ṣe irú rẹ̀ ni. Mo rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run nìkan ló mọ ibi tí mo ti fa ẹ̀rín náà yọ. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo gbọ́ pé ó ti kó àga pálọ̀ rẹ̀ lọ sí Ìtìrẹ́.

Lọ́jọ́ Túsìdé, mo lọ fojú ara mi rí i. Mi ò tíì wọ ilé sinimá láti ìgbà tí mo ti gbéyàwó. Fíìmù ńlá méjì ló jáde pọ̀ fún ọdún Kérésì, gbogbo Èkó ló sì ya lọ síbẹ̀. Àwọn ọmọge tò síwájú àwòrán àwọn òṣèré, wọ́n ń ya fọ́tò. Bàbá, ìyá àti ọmọ gbé gúgúrú dání bí ẹni tó ń lọ sí oko. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì, mo jókòó sí àárín gbùngbùn.

Ìpolówó kì í kéré lásìkò ọdún. Ilé búrẹ́dì kan ní Fádéyí ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà dókítà eyín kan ní Yaba, lẹ́yìn rẹ̀ obìnrin kan tó ń kọ́ èèyàn ní mọ́tò wíwà, tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n dúró tì pẹ̀lú ẹgba. Iná ṣì wà lára ògiri nígbà tí àwọn yẹn ń lọ. Àwọn èèyàn ṣì ń wá ìjókòó wọn, wọ́n ń tẹ fóònù, wọ́n ń pe ara wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹnikẹ́ni kò wò ó. Inú mi dùn. Mo ní bó ṣe máa rí fún Taoheed náà nìyẹn.

Ìgbà náà ni iná kú pátápátá. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Àga kan yọ, ó dá dúró ní àárín yàrá funfun, àga àrán aláwọ̀ ewé, ẹ̀yìn rẹ̀ ga, bọ́tìnnì ara rẹ̀ tò bí ọmọ àgbàdo lára ṣùkù. Taoheed wọlé nínú bùbá funfun, ó fọwọ́ ra apá àga náà, ó jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ó ní ìjókòó ọba rèé, ọwọ́ Taoheed ló ṣe é. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jáde, ó tán. Ọmọbìnrin kan lẹ́yìn mi ní áà, àga yìí mà dára o. Ọ̀dọ́kùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní òun máa rà á fún un lọ́jọ́ tí àwọn bá gba ilé.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde lórí ìjókòó mi. Kì í ṣe torí pé Taoheed rí bí olówó. Torí àga náà ni. Mo mọ̀ ọ́n bí èèyàn ṣe ń mọ ọmọ rẹ̀ láàárín ọmọ ilé ìwé. Ṣọ́ọ̀bù mi ló ti jáde.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí iṣẹ́ wa ṣe rí. Tí iṣẹ́ bá pọ̀ jù lọ́wọ́ ẹnì kan, ó máa ń gbé díẹ̀ fún ẹlòmíràn tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ pé kó bá òun ṣe é. Ẹni tó gbé iṣẹ́ wá ló ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, òun náà ló ń gba ìyìn. Ẹni tó ṣe é á gba owó ọwọ́ rẹ̀, á sì pa ẹnu mọ́. Bí a ṣe bá a nìyẹn. Ní oṣù Ramadan ọdún náà, Taoheed gbé igi àga yìí wá fún mi, pẹ̀lú àrán tó rà ní Tejúoṣó. Tọkọtìyàwó kan ló fẹ́ ẹ, àmọ́ wọ́n ti lọ sí Kánádà kí wọ́n tó lè wá gbé e, bó ṣe kù sí ṣọ́ọ̀bù Taoheed nìyẹn. Ibà dè mí mọ́lẹ̀ nínú oṣù yẹn fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mi ò lè gbé orí sókè, ààwẹ̀ pàápàá, mi ò lè gbà á. Síbẹ̀ iṣẹ́ náà jáde lọ́jọ́ tí a dá. Lójú mi nígbà náà, ohunkóhun tó bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀bù mi, èmi ni mo ṣe é.

Ọ̀gá Ọlápàdé tún kọ́ wa ní ohun kan tí àwọn oníṣẹ́ àga yòókù kì í ṣe. Kí a tó kan aṣọ dúdú mọ́ abẹ́ àga, ẹni tó ṣe é gbọ́dọ̀ fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ rẹ̀ sára igi inú rẹ̀. Oníbàárà kò ní rí i láéláé. Ọ̀gá ní kì í ṣe torí oníbàárà, torí Ọlọ́run ni, kí ẹnikẹ́ni má baà sẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá já. Gbogbo àga tó jáde lọ́dọ̀ mi ló ní orúkọ mi lábẹ́. Jameelah ìyàwó mi ló máa ń bá mi kọ ọ́, torí ìwé tèmi dà bí ibi tí adìyẹ ti ta ilẹ̀. Òun náà ló máa ń wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ti tó ọdún méjìlá tó ti wà níbẹ̀.

Mi ò lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú fíìmù tí mo sanwó rẹ̀. Nígbà tí mo jáde, mo rí àga náà fúnra rẹ̀. Wọ́n gbé e sí gbọ̀ngàn iwájú, wọ́n ta okùn pupa yí i ká, orúkọ Taoheed wà lórí pátákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn èèyàn sì tò láti jókòó lé e ya fọ́tò. Mo na ọwọ́ sí apá rẹ̀. Ọlọ́dẹ tó dúró níbẹ̀ ní, bàbá, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ lọ tò sẹ́yìn. Èmi ni wọ́n ní kí n má fọwọ́ kàn án.

Mo padà lọ lẹ́ẹ̀mejì sí i lọ́sẹ̀ kan náà. Kì í ṣe fíìmù ni mò ń lọ wò, ojú àwọn tó ń wo Taoheed ni. Nígbà kejì tí mo lọ, ọmọ ọwọ́ kan bú sẹ́kún gẹ́lẹ́ bí Taoheed ṣe la ẹnu, kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tó sọ. Díẹ̀ ló kù kí n fún ìyá ọmọ náà lẹ́bùn. Nígbà kẹta, àwọn ọmọ kan tó jókòó sí òkè pàtẹ́wọ́ fún un. Mo délé lọ́jọ́ yẹn, mo lé ológbò aládùúgbò tí kò ṣe mí ní nǹkan kan.

Nílé pàápàá, ara kò rọ̀ mí. Aminullah, ọmọ wa tó wà ní yunifásítì, fi ìpolówó náà ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Mo bá Jameelah nídìí ẹ̀rọ, iṣẹ́ wà níwájú rẹ̀, ó ń wò ó. Ó wò ó tán, ó tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ogún ọdún tí mo ti fẹ́ ẹ, mi ò rántí ìgbà tó fi irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ wò mí. Mo bi í pé kí ló ń wò, ó ní kò sí, ó sì dojú fóònù dé. Mo wá rántí pé nígbà tí ibà dè mí mọ́lẹ̀, Taoheed wá kí mi lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì máa ń pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kó tó wọlé wá bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì. Kí ló ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù tí èmi ò sí níbẹ̀? Owú tó jẹ́ ti àga nìkan tẹ́lẹ̀ wá di méjì.

Mo pinnu pé èmi náà máa polówó. Owó wà lọ́wọ́ mi tí mo fẹ́ fi pààrọ̀ páànù, mo ní kí òjò máa rọ̀ lé wa lórí. Ọláníkẹ́ ni orúkọ máníjà ilé sinimá náà, ọmọbìnrin kúkúrú kan tó ń gbé ní Yaba, tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Ó kí mi dáadáa, ó fún mi ní omi tútù. Ó ní gbogbo àyè tó sún mọ́ fíìmù, èyí tí wọ́n ń fi hàn lẹ́yìn tí iná bá ti kú, ti tán títí dé ìparí oṣù Jánúárì. Èyí tó kù ni àkọ́kọ́ pátápátá, nígbà tí iná ṣì wà, tí àwọn èèyàn ṣì ń wá ìjókòó wọn. Mo rántí ilé búrẹ́dì Fádéyí. Mo ní rárá, ẹ ṣeun.

Bóyá ojú mi ló ṣe é láàánú. Ó béèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe, mo sì sọ fún un. Ó ní áà, kò burú, ṣé mo ti rí àga Taoheed tó wà níta? Ó ní ọ̀gá àwọn, ẹni tó ni ilé sinimá náà, kò yé sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ìjókòó gbọ̀ngàn kékeré ti ya, mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni wọ́n, tí ọdún bá ti kọjá wọ́n fẹ́ fi àrán aláwọ̀ ewé bo gbogbo wọn. Ọ̀gá ní kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù tó tóbi lòun ń wá, ọwọ́ tó ṣe àga yẹn gan-an lòun fẹ́. Ó ní àwọn máa bá Taoheed sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn máa ṣe sí ọkàn òjòwú. Ìjókòó mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Mi ò tíì rí iṣẹ́ tó tó bẹ́ẹ̀ láyé mi. Iṣẹ́ tó máa gbé mi kúrò lábẹ́ páànù ni, ó sì ń lọ sọ́wọ́ Taoheed nítorí ohun tó jáde ní ṣọ́ọ̀bù mi. Kí n tó mọ̀, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu mi.

"Èmi ni mo ṣe àga yẹn," ni mo wí.

Ọláníkẹ́ gbé kálámù rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, mi ò fẹ́ ja yín níyàn. Àmọ́ báwo la ṣe máa confirm ẹ̀?"

"Ẹ dojú ẹ̀ dé. Orúkọ mi wà lábẹ́ ẹ̀."

Mo ṣàlàyé àṣà Ọ̀gá Ọlápàdé fún un. Ó gbọ́, ó ronú díẹ̀. Ó ní kí n wá lọ́jọ́ Sátidé, aago méjì ọ̀sán, tí Taoheed náà máa wà níbẹ̀, kí a jọ wò ó. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀ ni òun máa mú lọ bá ọ̀gá àwọn. Mo jáde níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi jọba. Nígbà tí mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà, mo tún na ọwọ́, mo fọwọ́ tọ́ ọ, mo wo ọlọ́dẹ náà lójú.

Ayọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n lè pa á mọ́ra. Mo délé, mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ Jameelah nídìí ẹ̀rọ, mo sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì sọ bí ojú Taoheed ṣe máa rí lọ́jọ́ náà. Mo rò pé yóò bá mi yọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ.

"Bàbá Aminullah, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dojú àga yẹn dé."

Mo ní kí ló dé. Ó ní kí n ṣáà fi sílẹ̀. Ó ní kí n pe Taoheed sẹ́yìn, kí n bá a sọ ọ́ ní ìtùbí-ìnùbí, yóò fún wa nínú iṣẹ́ náà, ta ló fẹ́ dá ìjókòó mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ṣe? Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹni tí orí rẹ̀ pé ì bá bi í pé kí ló dé tí ohùn rẹ̀ fi ń gbọ̀n. Èmi ò bi í ní ìyẹn. Ẹ̀rín tó fi wo fóònù ni mo rántí, àti ìgbà mẹ́ta tí Taoheed pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ṣé Taoheed ló ní kó o bá òun bẹ̀ mí?"

Ó wò mí títí. Omi lé sí ojú rẹ̀, kò jẹ́ kó dà. Ó ní kò burú, kí n máa lọ, ó sì yí padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Títí ọjọ́ Sátidé fi pé, a ò bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́ àfi lórí oúnjẹ àti bọ́tìnnì.

Lọ́jọ́ náà, mo wọ aṣọ tí mo fi kírun Iléyá. Mo fi sísọ́ọ̀sì kékeré sápò. Gbọ̀ngàn iwájú kún fọ́fọ́ torí fíìmù aago méjì kò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀, Kérésì sì ku ọjọ́ márùn-ún péré. Taoheed dé, ó tẹrí ba, ó kí mi bó ṣe máa ń kí mi láti ọjọ́ tí a ti wà lọ́mọ iṣẹ́. Ọláníkẹ́ sọ ohun tí mo wí nípa àga náà fún Taoheed. Mo rò pé Taoheed máa jiyàn. Kò jiyàn. Ó sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí ọ́fíìsì. Ẹ má ṣe é níbí."

Mo ní ẹ̀rù ló ń bà á. Mo gbé ohùn sókè kí àwọn tó tò síbẹ̀ lè gbọ́. Mo ní níbí ló ti gbé e síta, níbí náà la ti máa dojú rẹ̀ dé. Àwọn èèyàn yí orí padà. Àwọn kan gbé fóònù sókè. Mo gbé okùn pupa kúrò, mo dojú àga náà dé, mo fi sísọ́ọ̀sì la aṣọ dúdú abẹ́ rẹ̀ láti igun dé igun. Ọláníkẹ́ tan iná fóònù rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Èmi ò tilẹ̀ wo abẹ́ àga. Kí ni mo fẹ́ wò níbẹ̀? Ojú Taoheed ni mò ń wò, kí n lè rí i nígbà tó bá fà ro. Àmọ́ ojú rẹ̀ kò fà ro. Ó ń wò mí bí èèyàn ṣe ń wo ẹni tó fẹ́ ṣubú sí kòtò.

Ọláníkẹ́ ka ohun tó wà níbẹ̀ sókè. "Jameelah ló ṣe èyí. Ọjọ́ kẹtàdínlógún, Ramadan. Yá Allah, gbé ọkọ mi dìde."

Ó tún un kà jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni pé òun nìkan ló ń kà á fún. Lẹ́yìn náà ló gbé ojú sókè.

"Ta ni Jameelah?"

Irọ́ mẹ́ta ló dé sí mi lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà. Mo lè ní orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi ni. Mo lè ní orúkọ ọmọ mi obìnrin tó ń bá mi kọ̀wé ni. Mo lè ní Taoheed ti pààrọ̀ àga, èyí kọ́ ni èyí tí mo ṣe, ìyẹn ló sì dùn gbọ́ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn tó wà níbẹ̀ ì bá gbà á gbọ́. Mo wo Taoheed. Ó mọ̀. Ìgbà mẹ́ta tó pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, ó ti rí ẹni tó wà nídìí àga náà pẹ̀lú ìṣó lẹ́nu. Ó lè sọ ọ́ níbẹ̀ kó fi tú mi ní aṣọ níwájú gbogbo Surulere. Ó gbójú kúrò lára mi. Ó fi í sílẹ̀ fún mi.

Mo wá bẹ̀rẹ̀, mo wò ó. Ìwé ọwọ́ rẹ̀ ni, ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ tó dúró ṣánṣán, tó ti fi ń kọ orúkọ mi láti ọdún méjìlá. Gbogbo rẹ̀ padà sí mi lọ́kàn. Ó ń gbààwẹ̀ nígbà náà. Ẹnu rẹ̀ gbẹ, ó ń fa àrán, ó ń gé fóòmù, ó ń kan ìṣó, èmi ń pè é láti inú yàrá pé kó bu omi wá, ó sì ń dìde wá bù ú. Lọ́jọ́ tí ibà sọ mí sílẹ̀, mo jáde wá wo àga náà, mo fi àtàǹpàkò tẹ bọ́tìnnì kan, mo ní ó dára. Nígbà tí Taoheed wá gbé e, tó yìn ín, èmi ni mo dáhùn. Mo ní a dúpẹ́, mo gbìyànjú. Jameelah wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbẹ̀. Ó ń gbálẹ̀.

"Ìyàwó mi ni," ni mo wí. Kò jáde dáadáa, mo ní láti tún un sọ. "Ìyàwó mi ni. Òun ló ṣe é. Èmi ò fọwọ́ kàn án."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín láàárín àwọn tó tò. Ọláníkẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n bá òun pè é lórí fóònù. Mo pè é, ó sì gbé e, mo ń gbọ́ tí ẹ̀rọ ń dún lẹ́yìn rẹ̀. Kò kí mi.

"Ẹ ti dojú ẹ̀ dé," ló wí.

"Mo ti dojú ẹ̀ dé."

Ìró ẹ̀rọ dáwọ́ dúró. Ó ní, "Ẹ má bínú. Mo rò pé kò sẹ́ni tó máa rí i láéláé."

Lẹ́yìn ohun tí mo bi í nídìí ẹ̀rọ lọ́jọ́sí, lẹ́yìn ọdún méjìlá, òun ló tún ń bẹ̀ mí. Ojú tì mí. Mo gbé fóònù fún Ọláníkẹ́, mo sì bá Taoheed gbé àga náà nà ró.

Mo bi í, bí a ṣe ń gbé e, pé tó bá mọ̀, kí ló dé tó fi sọ lójú sinimá pé ọwọ́ òun ló ṣe é. Ó tún okùn pupa so kó tó dá mi lóhùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ẹni tó gbé iṣẹ́ wá ló ni ín."

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

Ní ti ìpolówó, èmi náà rí tèmi ṣe. Fídíò tí wọ́n yà ní gbọ̀ngàn náà ti dé Ìdí-Òro kí n tó délé. Mi ò san kọ́bọ̀ lé e, àwọn tó sì wò ó pọ̀ ju àwọn tó wo ti Taoheed lọ. Àlhájà Kùdírátù wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì. Kò bá mi sọ gbólóhùn kan. Ó lọ tààrà sídìí ẹ̀rọ, ó ní òun wá bá Jameelah.

Jameelah ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ní oṣù Jánúárì. Taoheed ló bá wa wá fóòmù tó dára. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀, kí á tó ṣí ìjókòó àkọ́kọ́, mo bi Jameelah pé nínú gbogbo àga tí orúkọ mi wà lábẹ́ wọn, mélòó ló jẹ́ pé òun ló ṣe wọ́n. Ó ní kí n fi sílẹ̀. Mo ní mo fẹ́ mọ̀. Ó ní mi ò fẹ́ mọ̀. Mo ń ro gbogbo pálọ̀ tó wà ní Surulere, ní Yaba, ní Mushin, tí àwọn èèyàn jókòó sí tí wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n. Orúkọ mi wà lábẹ́ gbogbo wọn nínú òkùnkùn, kò sì sí ọ̀kan nínú èyí tó jáde láti ọdún méjìlá tí kì í ṣe ìwé ọwọ́ rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Ó mú pẹ́ńsùlù méjì jáde nínú báàgì, ó fún mi ní ọ̀kan. Ó ní kí oníkálukú máa kọ orúkọ ara rẹ̀ sábẹ́ èyí tó bá ṣe. Nígbà tí mo parí ìjókòó àkọ́kọ́, mo dojú rẹ̀ dé, mo kọ ọ́. Lẹ́tà kan wọ́ síbí, ìkejì wọ́ sọ́hùn-ún. Jameelah bẹ̀rẹ̀, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló yí sí ìjókòó tirẹ̀, ó fọwọ́ ra àrán ara rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín tó fi wo fóònù lọ́jọ́sí gan-an. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé kì í ṣe Taoheed ló ń wò nínú ìpolówó náà.

A parí iṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú Ramadan. Nínú ìjókòó mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, Jameelah ṣe mọ́kànléláàádọ́ta, èmi ṣe mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Kò sẹ́ni tó ní kí n kà á. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.